Ìbéèrè Yín Lórí Ọkọ̀: Wọ́n Ní Ẹ́ńjìnì Ọkọ̀-Ilé Mi Ti Kú

Lẹ́tà mẹ́ta la mú jáde lóṣù yìí nínú àwọn tó dé ọwọ́ wa, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ: ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n kọ́ ibùsùn, ibi ìdáná àti àpótí aṣọ sínú rẹ̀, tí ẹni tó ni ín fi lè sùn níbikíbi tí ilẹ̀ bá ṣú u sí. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ ní Òṣogbo, àwọn mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n dunjú kò sì pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe àjèjì rárá. Ẹ́ńjìnì bọ́ọ̀sì akérò ni.

ÌBÉÈRÈ KÌÍNÍ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Aláró ni mí ní àdúgbò Òke-Báálẹ̀ ní Òṣogbo. Àdìrẹ ni mo ń ṣe, mo sì máa ń kó o lọ sí ọjà àti ibi àfihàn ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Adó-Èkìtì. Àbúrò mi tó ń gbé ní Jámánì ló fi Mercedes-Benz 207D tí wọ́n kọ́ ilé sínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí n lè máa kó ọjà sínú rẹ̀, kí n sì rí ibi fẹ̀yìn lélẹ̀ lálẹ́. Ọkọ̀ náà dúró lábẹ́ páànù fún ọdún mélòó kan nígbà tí ara mi kò yá. Láti ìgbà tí a ti tún gbé e síta, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, a ó máa yí kọ́kọ́rọ́ títí bátìrì yóò fi rẹ̀, èéfín funfun yóò sì bo gbogbo àgbàlá. Mẹkáníìkì mi máa ń da epo bẹntiróò díẹ̀ sí ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnì ti ń fa afẹ́fẹ́ kí ó tó gbà. Nígbà mìíràn, ó máa ń fi ọwọ́ tẹ pọ́ọ̀ǹpù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì, kíá ni yóò sì sítáàtì. Lójú ọ̀nà Iléṣà, yóò sáré dáadáa fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà agbára rẹ̀ á máa lọ sílẹ̀ títí yóò fi kú. Bí a bá sinmi, yóò tún gbéra. Lórí òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, abẹ́rẹ́ ìgbóná máa ń sún mọ́ pupa. Wọ́n ti yọ tẹmosítáàtì rẹ̀ sọnù, síbẹ̀ kò yí padà. Ní báyìí, mẹkáníìkì ní ẹ́ńjìnì ti kú, kí n lọ ra tòkunbọ̀ mìíràn. Ṣé kí n rà á?

ÈSÌ

Màmá, ẹ kú ìfaradà. Ẹ má tíì ná owó yẹn.

Ẹ̀rí tó lágbára jù nínú lẹ́tà yín ni ohun tí ẹ kàn mẹ́nu bà kọjá: pé bí mẹkáníìkì bá ti fi ọwọ́ tẹ pọ́ọ̀ǹpù kékeré yẹn, kíá ni ọkọ̀ ń sítáàtì. Ẹ́ńjìnì tí ríìngì rẹ̀ ti jẹ, tí sílíńdà rẹ̀ ti fẹjú, kò ní tìtorí pé ẹnìkan fi ọwọ́ tẹ epo sí i kó wá jí. Gbogbo iṣẹ́ tí pọ́ọ̀ǹpù ọwọ́ ń ṣe kò ju pé kó ti afẹ́fẹ́ jáde nínú páìpù, kó sì fi epo kún un. Bí iṣẹ́ yẹn bá wo ọkọ̀ sàn láàárọ̀, a jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló wọ páìpù epo lóru. Èrò tèmi ni pé ìṣòro mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí kò bá ara wọn tan ló pàdé lára ọkọ̀ yín, tí gbogbo wọn sì para pọ̀ jọ ikú ẹ́ńjìnì lójú ẹni tí kò fara balẹ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀.

Kí ọ̀rọ̀ mi lè yé yín dáadáa, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ́ńjìnì díísù ṣe ń rí iná tirẹ̀. Kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ta iná bíi ti ọkọ̀ bẹntiróò. Ẹ́ńjìnì inú 207D yìí, tó jẹ́ lítà 2.4 oní sílíńdà 4, máa ń fún afẹ́fẹ́ tó bá wọlé pọ̀ títí yóò fi kù bí ìdá 1 nínú 21 ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Fífún yìí ló ń mú kí afẹ́fẹ́ náà gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí epo tí nọ́sù bá tú sí i yóò fi gbiná fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ohun tí ọkọ̀ yìí ń béèrè kò pọ̀: afẹ́fẹ́ tó mọ́, epo tí kò ní afẹ́fẹ́ nínú, ìfúnpọ̀ tó péye, àti hítà púlọ́ọ̀gì tí yóò bá a gbóná nígbà tí òtútù bá wà lára rẹ̀. Iye wáyà tó ní kò tó nǹkan, kò sì ní kọ̀ǹpútà kankan. Ẹ́ńjìnì tó rọrùn bẹ́ẹ̀ kò yẹ ní ohun tí a ń jù nù kí a tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ jẹ́ ká mú ti afẹ́fẹ́ inú epo lákọ̀ọ́kọ́, nítorí ibẹ̀ ni mo rò pé púpọ̀ nínú wàhálà yín ti ń wá. Láti inú táǹkì dé ọ̀dọ̀ pọ́ọ̀ǹpù kékeré tó wà lára ẹ́ńjìnì, fífà ni wọ́n ń fa epo wá, wọn kì í tì í. Bí róbà bá sán ní ọ̀nà yẹn, tàbí tí kílíìpì bá dẹ̀, epo kì í sábà kán sílẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́. Afẹ́fẹ́ ni yóò máa wọlé. Ìdí nìyí tí mẹkáníìkì yóò fi wo abẹ́ ọkọ̀, tí yóò rí i pé ilẹ̀ gbẹ táútáú, tí yóò sì fi gbogbo ẹnu sọ pé kò sí ibi kankan tó ń jò. Nígbà tí ọkọ̀ bá wá dúró di òwúrọ̀, epo inú páìpù á rọra padà sínú táǹkì, afẹ́fẹ́ á sì gba àyè rẹ̀, ẹ̀yin á wá máa yí kọ́kọ́rọ́ sórí páìpù tó ṣófo. Róbà tó ti wà lára ọkọ̀ láti Jámánì, tó sì tún dúró fún ọdún mélòó kan nínú ooru abẹ́ páànù, kò lè ṣe kó má le, kó má sì là.

Ọ̀nà méjì ni a fi lè mọ̀ dájú. Èkíní, ẹ ní kí mẹkáníìkì ra róbà tí a lè rí inú rẹ̀, èyí tó nípọn tí díísù kò lè jẹ. Róbà dírípù ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì kò tó bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn tàn yín. Kí ó fi í rọ́pò ẹsẹ̀ róbà kúkurú tó wọ inú pọ́ọ̀ǹpù kékeré náà, kí ẹ sítáàtì ọkọ̀, kí ẹ sì wò ó nínú oòrùn. Epo tí kò ní àbùkù máa ń kọjá láìní àmì kankan, tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn yóò rò pé kò sí ohun tó ń lọ níbẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ti wọ̀ ọ́, ẹ ó rí ìhó wẹ́wẹ́ tó ń sáré tẹ̀lé ara wọn, pàápàá bí ẹ bá tẹ tọ́rọ́tù. Èkejì sì dára ju ìyẹn lọ: ẹ wá kẹ́ẹ̀gì tó mọ́, ẹ bu díísù tí a ti sẹ́ sínú rẹ̀, ẹ gbé e sí ìta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì, kí wọ́n tú róbà táǹkì kúrò, kí wọ́n ki róbà tuntun láti ẹnu pọ́ọ̀ǹpù bọ inú kẹ́ẹ̀gì náà, kí wọ́n sì jẹ́ kí róbà tó ń dá epo padà náà wọ inú rẹ̀. Kí wọ́n pọ́ọ̀ǹpù rẹ̀ dáadáa lálẹ́, kí wọ́n sítáàtì rẹ̀, kí wọ́n pa á, kí ó sùn bẹ́ẹ̀. Bí ó bá gbà ní yíyí kìíní láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ ti mọ ibi tí àìsàn wà, láìtíì fọwọ́ kan nǹkankan nínú ẹ́ńjìnì.

Pọ́ọ̀ǹpù ọwọ́ fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tí mo ń fura sí. Ti àtijọ́ tí Bosch ṣe ní orí kan tí a máa ń yí láti tú u kí a tó tẹ̀ ẹ́, tí a ó sì tún yí padà láti dè é. Róbà inú rẹ̀ máa ń gbẹ, afẹ́fẹ́ á sì máa gba ìdí orí náà wọlé. Bí ìdí rẹ̀ bá rin fún díísù, kí wọ́n fi ti òde òní rọ́pò rẹ̀, èyí tó ní sípíríǹgì tí kò nílò yíyí. Ẹ ní kí wọ́n tún wo àwọn róbà tínrín tí wọ́n fi òwú hun ara wọn, tó so orí nọ́sù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Wọn kò wọ́n, síbẹ̀ àwọn ni a máa ń gbàgbé jù.

Ní ti agbára tó ń lọ sílẹ̀ lójú ọ̀nà Iléṣà tó tún ń padà lẹ́yìn ìsinmi, ìyẹn kì í ṣe ti afẹ́fẹ́ nìkan. Ìdọ̀tí ló ń dí ẹnu ibi tí a ti ń fa epo. Díísù tó pẹ́ nínú táǹkì máa ń ní omi nísàlẹ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ tútù tó wà lókè epo ń di ìrì sára irin táǹkì lóru, àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tí a kò lè fojú rí a sì máa gbé níbi tí omi àti epo ti pàdé, wọ́n á sì di ohun dúdú tó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ewédú. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, epo á máa wọ́ ohun dúdú yìí lọ sí ẹnu asẹ́ inú táǹkì títí yóò fi bò ó. Bí ẹ bá dúró, yóò já bọ́, ọ̀nà á tún là. Fílítà tuntun kò lè yanjú èyí, nítorí pé kí epo tó dé ọ̀dọ̀ fílítà ló ti há. Kí wọ́n tú táǹkì sílẹ̀, kí wọ́n gbọn gbogbo epo àtijọ́ dànù, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n tú asẹ́ rẹ̀ wò, kí wọ́n sì pààrọ̀ fílítà méjèèjì lẹ́yìn náà, kì í ṣe ṣáájú. Kí ẹ tó ṣe ìyẹn, àyẹ̀wò kan wà tí kò ní ná yín ní kọ́bọ̀: nígbà mìíràn tí agbára bá ń lọ, ẹ páàkì, ẹ ṣí ìdérí táǹkì. Bí ẹ bá gbọ́ tí afẹ́fẹ́ fà wọlé fìììì, ihò ìdérí ló dí, táǹkì kò rí èémí gbà nígbà tí epo inú rẹ̀ ń dín kù.

Èéfín funfun láàárọ̀ jẹ́ epo tí kò jóná. Bí ó bá lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, tí omi rédíétọ̀ kò sì dín kù, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun tó dí àárín orí ẹ́ńjìnì àti ara rẹ̀, dẹ́rù bà yín. Hítà púlọ́ọ̀gì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, àgàgà nígbà ọyẹ́. Nínú àwọn ọkọ̀ tó pẹ́ jù nínú irú yìí, wọ́n so hítà púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ̀lé ara wọn lórí wáyà kan ṣoṣo, bí ọ̀kan bá sì jóná, gbogbo wọn ló dákẹ́. Nínú àwọn tó tẹ̀lé e, olúkúlùkù ló ń gba iná tirẹ̀, tí ọ̀kan bá kú, àwọn yòókù á máa ṣiṣẹ́, ẹ́ńjìnì á sì máa gbọ̀n láàárọ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi móoru. Kí rìwáyà tú wáyà kúrò lórí wọn, kí ó fi mítà wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó dára kì í ju ohm 1 lọ. Èyí tó bá ti jóná kò ní fi nǹkankan hàn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún mẹkáníìkì yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé kó má da bẹntiróò sí ẹnu ẹ́ńjìnì yẹn mọ́. Bí hítà púlọ́ọ̀gì kan bá pọ́n nínú nígbà tí bẹntiróò wọlé, yóò búgbàù kí pístìnì tó dé òkè, èyí sì lè fọ́ ríìngì tàbí kó tẹ irin tó ń gbé pístìnì. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì tí wọ́n sọ pé ó kú, irú ìtọ́jú yìí ló pa á.

Lẹ́yìn èyí, tápẹ́ẹ̀tì, irin tó ń ṣí fáàfù, ìyẹn ìlẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ sílíńdà tí èéfín sì ń gbà jáde. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ẹsẹ̀ fáàfù máa ń jẹ wọ inú ibi tó ń jókòó sí, àlàfo tápẹ́ẹ̀tì á máa dín kù títí fáàfù kò fi ní lè padé tán mọ́. Afẹ́fẹ́ tó yẹ kí a fún pọ̀ á sì máa sá gba ibẹ̀ jáde. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù, kí wọ́n sẹ́ẹ̀tì ti ọ̀nà ìwọlé sí 0.10 mìlímítà, kí wọ́n sì sẹ́ẹ̀tì ti ọ̀nà àbájáde sí 0.30. Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni fún ẹni tó ní sípánà rẹ̀. Ẹ kàn ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ orúkọ ara ẹ́ńjìnì wò: bí ẹnìkan bá ti pààrọ̀ rẹ̀ sí ti 208D tó jẹ́ lítà 2.3, òróró ló ń sẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, kò sí ohun tí sípánà fẹ́ ṣe níbẹ̀.

Ìgbà tí gbogbo ìyẹn bá ti parí ni a tó lè wọn kọ́npẹ̀ṣọ́ọ̀nù, ìyẹn agbára ìfúnpọ̀ afẹ́fẹ́ inú sílíńdà, èyí tí ó yẹ kí mẹkáníìkì yín ti fi hàn yín kí ó tó dá ẹjọ́ ikú. Kí wọ́n lo géèjì díísù. Ti bẹntiróò kò lágbára tó, yóò bàjẹ́ ni. Ẹ́ńjìnì yìí nígbà tó wà ní tuntun máa ń fi bíi 22 sí 24 bar hàn. Ó ṣì lè ṣiṣẹ́ títí dé 15, bí ìyàtọ̀ àárín sílíńdà kan sí èkejì kò bá ju 3 lọ. Bí wọ́n bá fi géèjì hàn yín tó sì kéré sí ìyẹn, nígbà náà ni ọ̀rọ̀ títú ẹ́ńjìnì palẹ̀ tó tọ́. Kódà nígbà náà, ẹ ó fi títún tiyín ṣe wé owó tòkunbọ̀ kí ẹ tó pinnu, nítorí pé a kì í mọ ọdún tí tòkunbọ̀ ti lò níbi tó ti wá.

Ó ku ti ìgbóná, ó sì dùn mí láti sọ ọ́: yíyọ tí wọ́n yọ tẹmosítáàtì lè jẹ́ ara ohun tó ń fa wàhálà yín. Àṣà yìí ti wọ mẹkáníìkì wa lára, wọ́n ní ilẹ̀ wa gbóná, a kò nílò rẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnì yìí, ọ̀nà méjì ni omi ní. Ọ̀kan lọ sí rédíétọ̀, èkejì jẹ́ àbùjá tó padà tààrà sínú ẹ́ńjìnì, tẹmosítáàtì ló sì ń ṣọ́ méjèèjì. Bí ara ẹ́ńjìnì bá tutù, yóò ti ọ̀nà rédíétọ̀, yóò ṣí àbùjá. Bí omi bá gbóná dé bíi 80°C, yóò bẹ̀rẹ̀ sí ṣí ti rédíétọ̀, yóò sì máa ti àbùjá pa. Ẹni tó bá yọ ọ́ kúrò ti ṣí ọ̀nà méjèèjì sílẹ̀ títí láé, omi á sì máa gba ibi tó kúrú jù, kò ní dé ọ̀dọ̀ rédíétọ̀ tó bó ṣe yẹ, àgàgà lórí òkè tó ga bíi ti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Ẹ ra tuntun tó jẹ́ ti ẹ́ńjìnì yìí gan-an. Kí wọ́n tó fi sí i, ẹ gbé e wọ ilé ìdáná: ẹ fi okùn so ó, ẹ rì í sínú ìkòkò omi lórí iná láìjẹ́ kó kan ìsàlẹ̀, kí ẹ sì máa wò ó bí omi ṣe ń gbóná. Kí omi tó hó, ó yẹ kí ẹnu rẹ̀ ti là gbayawu. Bí ẹ bá gbé e síta, kí ó tún padé.

Lẹ́yìn tẹmosítáàtì, kí wọ́n fi omi fọ ojú rédíétọ̀ láti ẹ̀yìn wá síwájú, kí eruku àti ìyẹ́ kòkòrò tó há sí i lè jáde, kí wọ́n wo fáànù bẹ́líìtì, kí wọ́n sì má ṣe bu omi kànga lásán sí i mọ́, nítorí ìpẹtà. Kí ẹ sì mọ̀ pé ọkọ̀ yín kì í ṣe eléré. Ẹ́ńjìnì tí kò ní tọ́bò, tí ó ń gbé ilé, omi, ibùsùn àti ẹrù àdìrẹ gun òkè, jíà 2 ni yóò fi gùn ún, ẹ jẹ́ kó máa lọ jẹ́jẹ́ nínú rẹ̀. Awakọ̀ tó bá ń fi jíà 4 fà á lórí òkè ló ń sè é.

Ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni kẹ́ẹ̀gì yẹn. Ẹ kọ̀wé sí wa bó bá ṣe rí láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

ÌBÉÈRÈ KEJÌ

Ọkọ̀ mi náà ní ilé nínú, díísù ni, ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò sì ní wàhálà. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá sùn sínú rẹ̀, tí mo sì jẹ́ kí fíríìjì àti fáànù ṣiṣẹ́ mọ́jú, àwọn ọmọ àdúgbò ni mo máa ń bẹ̀ kí wọ́n wá tì í. Mo ti ra bátìrì tuntun lẹ́ẹ̀mejì. Òǹkàwé yín, Ogo-Olúwa, Òṣogbo.

ÈSÌ

Ọ̀gá mi, bátìrì kò jẹ̀bi. Irú fíríìjì tó máa ń wà nínú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń lo oríṣi iná mẹ́ta: iná ilé, gáàsì ìdáná, àti iná bátìrì. Wọ́n ṣe ti bátìrì sí i fún ìgbà tí ọkọ̀ bá ń rìn nìkan, tí ẹ́ńjìnì ń fún un lóúnjẹ. Ó lè máa fa bí ampere 10 láìsinmi, kò sì sí bátìrì ọkọ̀ tó lè fara da ìyẹn di òwúrọ̀. Bí ẹ bá ti páàkì, gáàsì ni kí ẹ yí i sí, kí ọkọ̀ sì dúró lórí ilẹ̀ títẹ́jú, nítorí pé fíríìjì yìí kì í tutù dáadáa bó bá dagun sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ má sì gbàgbé láti ṣí ihò afẹ́fẹ́ sílẹ̀ nígbà tí iná gáàsì bá ń jó.

Ní ti fáànù àti gílóòbù, ẹ jẹ́ kí rìwáyà fi bátìrì kejì sí i fún inú ilé, kí ó sì fi rílè sáàárín òun àti ti ẹ́ńjìnì, tí yóò so wọ́n pọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́ nìkan. Kí wáyà náà nípọn, kí fíúùsì sì wà ní ẹnu bátìrì kọ̀ọ̀kan. Láàárọ̀ ẹ lè fi mítà wo ti ẹ́ńjìnì: bí ó bá fi volt 12.6 hàn, ó kún. Bí ó bá ti ń sún mọ́ 12, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, tí mítà kò sì kọjá 13, ẹ lọ wo ọlitanétọ̀ tó ń fún bátìrì ní iná, àti bẹ́líìtì rẹ̀ kí ẹ tó ra bátìrì kẹta.

ÌBÉÈRÈ KẸTA

Volkswagen àtijọ́ tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà lẹ́yìn ni tèmi, bẹntiróò ló ń lò, afẹ́fẹ́ ló ń mú un tutù. Láàárọ̀ kò sí wàhálà. Tí oòrùn bá mú lọ́sàn-án, tí a sì há sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ní oríta Ọláìyá, yóò kàn kú ni. Tí a bá fi aṣọ tútù bo pọ́ọ̀ǹpù epo, ó máa ń gbà, àmọ́ kì í ṣe ní gbogbo ìgbà. Kí ni kí n pààrọ̀?

ÈSÌ

Bí ó ṣe jẹ́ pé aṣọ tútù kì í gbà ní gbogbo ìgbà, a kò lè gbà pé epo nìkan ló ń di oru nínú páìpù. Nígbà tó bá tún kú, kí ẹ tó mú aṣọ, ẹ yọ ìdérí fílítà afẹ́fẹ́, ẹ wo ọ̀fun kábúrétọ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ fa tọ́rọ́tù lẹ́ẹ̀kan. Bí epo bá tú jáde níbẹ̀, epo wà, iná ni kò sí: kọ́ìlì, ohun tó ń fún púlọ́ọ̀gì ní iná, máa ń rẹ̀ nígbà tó bá gbóná bó bá ti darúgbó, yóò sì tún jí nígbà tó bá tutù, èyí tó lè mú kí ẹ máa yin aṣọ tútù fún iṣẹ́ tí kò ṣe. Bí kò bá sí epo, nígbà náà ni ẹ ó lọ sí ọ̀dọ̀ pọ́ọ̀ǹpù àti páìpù tó gba ẹ̀gbẹ́ ibi gbígbóná kọjá.

Ẹ wo àwọn irin pẹlẹbẹ tó yí ẹ́ńjìnì náà ká àti róbà tó dí àlàfo ẹ̀gbẹ́ wọn. Àwọn mẹkáníìkì kan máa ń yọ wọ́n sọnù nítorí pé wọ́n ń dí ọwọ́, láìmọ̀ pé àwọn ló ń ya afẹ́fẹ́ gbígbóná abẹ́ ọkọ̀ kúrò lára afẹ́fẹ́ tútù tí fáànù ń fẹ́ sí ẹ́ńjìnì. Bí ọ̀kan bá sọnù, ẹ́ńjìnì á máa fa ooru ara rẹ̀ padà. Òróró rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ pé, nítorí pé òróró yẹn ń bá a mú ara tutù. Kí wọ́n sì sẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì sí 0.15 mìlímítà nígbà tó bá tutù pátápátá.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀, kí ẹ tó ra kọ́ìlì, ni gbogbo róbà epo tó wà nínú yàrá ẹ́ńjìnì. Òkè ẹ́ńjìnì gbígbóná ni wọ́n wà nínú ọkọ̀ yìí, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú irú ọkọ̀ yìí ti gbiná, ẹni tó wà níwájú kì í sì tètè mọ̀. Ẹ tẹ róbà kọ̀ọ̀kan pọ̀ láàárín ìka méjì. Èyí tí ẹ bá ti rí ojú sísán lára rẹ̀, ẹ má wakọ̀ náà lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ ní kí ó wá bá yín nílé. Kí ó fi kílíìpì tuntun dè wọ́n, kí ẹ sì so ike panápaná sí ẹ̀gbẹ́ ìjókòó awakọ̀, kì í ṣe sí ẹ̀yìn lọ́dọ̀ ẹ́ńjìnì.